Má Rẹ́ Ògiri Yìí

Láòńfín ti dé láàárọ̀ tòun ti ṣọ́bìrì,
sìmẹ́ńtì báàgì mẹ́fà lórí ọmọlanke.
Mo ní, rọra ná. Má rẹ́ ògiri yìí.

Wo ibi tí amọ̀ ti pọ́n bí ẹyìn:
ìka bàbá mi ṣì wà níbẹ̀, márùn-ún,
àtàǹpàkò yà sọ́tọ̀ bí ẹni tó ń bínú.
Ṣùkù àgbàdo kan há sókè rẹ̀.
Ta ló jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń po amọ̀?

Igi ayìn ló gbé àjà dúró.
Ikán gbìyànjú,
eyín ikán ló kán.
Irin tó yọrí síta lọ́dún tówó tán,
mo ti fi àtùpà ìyá mi kọ́ ọ.

Ìyá Gbọ́látutù yọjú láti ojúlé kejì,
gbogbo Òkè Ẹlẹ́rìn gbọ́:
"Àbí owó ni ò tó?"
Ó tó.
Dígí ńlá kan ni mo fi rà,
mo gbé e kojú ògiri,
kí ilẹ̀ pupa Ògbómọ̀ṣọ́ di méjì nínú pálọ̀.

Láòńfín jókòó sórí báàgì,
ó ki ìka tirẹ̀ bọ ihò márààrún,
ó dákẹ́ pẹ́.
"Ilé ìwẹ̀ ńkọ́?" ló wá wí.
"Ìyẹn, ẹ jẹ́ n rẹ́ ẹ."