Ẹ̀rọ Mi Ò Mọ Ọ̀gá

Ṣọ́ọ̀bù mi ò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ,
ní Ṣómólú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń gé bébà,
níbi tí òórùn yíǹkì ti ń bá èèyàn sùn.
Kọ̀ǹpútà kan, àga méjì, jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́.
Ẹni tó ń wáṣẹ́ á jókòó lápá ọ̀tún,
ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ á jókòó lápá òsì,
ìka mi kan náà ló ń tẹ̀wé fún àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ Ajé, Alàgbà Kúṣìmọ́ onítẹ̀wé wọlé,
ó ní, "Kọ ọ́ gàdàgbà: A Ń WÁ ÒṢÌṢẸ́.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ìrírí ọdún méje lẹ́nu ẹ̀rọ.
Kó ní ìwé ẹ̀rí gíga.
Owó oṣù: a ó jọ sọ ọ́."
Mo tẹ̀ ẹ́. Kí ló kàn mí?
Ṣùgbọ́n mo ṣírò rẹ̀ nínú mi:
ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
ìgbà wo ló rí kàwé gíga tí ẹ ní kó mú wá?

"Kò sọ́wọ́ mọ́ nílùú yìí," ni bàbá ń sọ,
"àwọn ọmọ tó mọ ẹ̀rọ ti bá bàálù lọ,
àwọn tó kù, fóònù ni wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀."
Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Mi ò jiyàn.

Lọ́sàn-án, Ṣẹ́nápọ̀n ará Àgbádárìgì dé,
ìgbà kọkànlá rẹ̀ rèé láti ìgbà òjò.
Bàtà rẹ̀ ń dán lókè, ó ti lu nísàlẹ̀.
"Àǹtí, ẹ bá mi yọ oyè kejì yẹn kúrò,
wọ́n ní mo kàwé jù ní Màrínà."
Ní Yábàá, wọ́n bi í léèrè
ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń ronú.
Ó ní òun náà máa ń ronú.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo yọ oyè náà. Ọdún méjì, àti ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ tà,
parẹ́ lábẹ́ ìka mi bí àṣìkọ.

Àfi bí bébà ṣe há sí ẹ̀rọ mi lọ́fun.
Ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ki wáyà tín-ínrín bọ̀ ọ́,
ó fa àjákù jáde, ó dẹ etí sí i
bí ìyá ṣe ń gbọ́ ẹkún ọmọ.
"Níbo lo ti kọ́ èyí?"
"Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí. Eré lásán ni."
Mo wo ìwé rẹ̀ lókè nílẹ̀: kò sí i níbẹ̀.

Mo pe Kúṣìmọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ó ní òun ti gba ọmọ àna òun.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ àna ti gba ọ̀nà Kánádà, kò dágbére.
Bàbá padà wá, ìwé kan náà ló fẹ́,
ó kàn ní kí n sọ méje di mẹ́jọ.
Nígbà yẹn, Ṣẹ́nápọ̀n ti ń fi kẹ̀kẹ́
gbé oúnjẹ olóúnjẹ kiri Súrùlérè,
nọ́ńbà tó wà lórí ìwé rẹ̀ ò sì lọ mọ́.

Èmi náà, ojú ń dùn mí, mo fẹ́ gba ọmọ kan.
Lálẹ́ àná mo jókòó, mo tẹ A Ń WÁ ÒṢÌṢẸ́,
mo tẹ "ìrírí ọdún m..."
Ọwọ́ mi dúró.
Ta ló gba èmi síṣẹ́ nígbà tí n ò mọ nǹkan kan?
Màmá Ọláìtán ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.
Ìbéèrè kan ló bi mí: "Ṣé o lè tètè jí?"
Mo ní mo lè. Irọ́ ni, mo padà kọ́ ọ.

Mo pa ìrírí rẹ́. Mo kọ: Ẹni tó bá lè tètè jí.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́,
mi ò sì rántí bóyá mo ti tọ́jú rẹ̀.
Ó di òwúrọ̀, bí mo bá rí epo rà.