Òdòdó Ìgbẹ́

Doreen Tebbutt, ará ilé ọwọ́ òsì wa,
ló na àpò ìwé kékeré kan sí mi lórí ọgbà.
Hóró dúdú ló wà níbẹ̀, kò tó orí abẹ́rẹ́.
“Kaosílíìpù ni. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni.
Ó ti wà ní Kettering kí ẹnikẹ́ni tó mọ bíríkì.”

Mo bi í, kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà?
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu.
Ìgbẹ́ màlúù, ó ní. Àwọn ará àtijọ́
ń rí i níbi tí màlúù bá ṣu sí.
Háà! Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ,
ẹ̀yin kò wolé, ìdí màlúù lẹ wò!
Láti ọjọ́ náà, òdòdó ìgbẹ́ ni mò ń pè é.
Bó jẹ́ ìgbẹ́ tí ẹranko ń sùn sí,
bó jẹ́ ìgbẹ́ tí màlúù fi sílẹ̀,
ẹnu mi kò purọ́.

Nínú oṣù Ọ̀wàrà, mo bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ike áísìkiriìmù,
mo gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná,
lókè ẹ̀rọ amúlémóoru,
mo ń wọ́n omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sóhun tó yọjú.
“Ta ló ní kí o kẹ́ ẹ?” Doreen ló ń sọ̀rọ̀.
“Gbé e síta. Jẹ́ kí yìnyín nà án.
Bí kò bá rí òtútù, kò ní í jí.”

Mo dúró, mo gbé ike náà lọ́wọ́.
Inú oṣù Ṣẹ́rẹ́ lèmi náà dé síbí,
súwẹ́tà kan, bàtà tí ilẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀,
ibùdókọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí,
tí eyín ń pa eyín nínú ẹnu mi.
Ẹnìkan kò sọ fún mi pé ìtọ́jú ni.
N kò sì tíì gbà pé ìtọ́jú ni.
Ṣùgbọ́n mo gbé ike náà síta.

Ẹrẹ́nà: ewé méjì, bí etí ọmọ eku.
Ọdún yẹn, ewé nìkan la rí,
ó hunjọ bí ẹ̀yìn ọwọ́ Doreen.
Ni Olúgbèjà ọkọ mi bá gbé ẹ̀rọ agékoríko jáde
lọ́jọ́ Sátidé kan tí n kò sí nílé,
ó fá gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀.
N kò bá a wí. Ọbẹ̀ tí mo sè lálẹ́ ọjọ́ náà,
iyọ̀ ló bá a sọ̀rọ̀.
Doreen ní kí n fara balẹ̀:
“Fìlà ló ṣí lórí rẹ̀. Kò bẹ́ orí.”

Kí òtútù kejì tó parí, ìbàdí Doreen dá.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kó o lọ sí Skegness.
Wọ́n lẹ àkọlé “a ó tà á” mọ́ iwájú ilé náà.

Igbe. Igi òdòdó kan ṣoṣo nà ró,
òdòdó yẹ́lò mọ́kànlá dorí kodò lápá kan
bí ìdì kọ́kọ́rọ́.
Mo mọ ìdì kọ́kọ́rọ́. Mẹ́sàn-án ló wà nínú báàgì mi,
ti ilé àwọn arúgbó tí mò ń wẹ̀, tí mò ń wọ̀ láṣọ,
ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án, kò sí ti èmi níbẹ̀.
Mo kúnlẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀.
Ó jọ àgbálùmọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n,
àbí àárò ilé ló ń bá mi purọ́.

Mo pe Doreen lórí fóònù.
Kò béèrè àwọ̀, kò béèrè iye.
“Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ní ẹ̀rọ yẹn?”

Mo wo ìta. Ẹnìkan ti to bíríkì mẹ́rin
yí òdòdó ìgbẹ́ mi ká.
Olúgbèjà kò sọ ọ́ fún mi.
Èmi náà kò béèrè.