Ìjókòó Òfìfo

Ẹ̀yìn páálí bísíkíìtì ni Akínṣọwọ́n ti ń ṣírò
ní pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́,
níbi tí ewúrẹ́ Ọ̀bà-Ilé ti ń jẹko létí wáyà.
Àádọ́ta ìjókòó. Erékùṣù kan láàárín agbami.
"Lóṣù Ọ̀pẹ, tí owó kòkó bá wọlé,
wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí ẹsẹ̀ ara wọn."

Mo ní: bàálù tó já wọn sílẹ̀ ńkọ́,
ta ni yóò gbé bọ̀?
Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà síyanrìn
kì í wálé lọ́jọ́ náà.
Ó fi bírò họrí.

Erékùṣù ọ̀hún ò sì ní epo:
láti ibí la ó ti ru ti àlọ, ru ti àbọ̀,
epo tó ń jẹ epo.
Òjò ńkọ́? Ta ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì
lọ wo òjò onílé,
nígbà tí tiwa ń lu páànù lọ́fẹ̀ẹ́?

Ó pa iye kan rẹ́, ó tún un kọ,
ó fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín.
Atẹ́gùn já páálí gbà, ó gbé e kọjá wáyà.
Ìyẹn nìkan ló fò lọ́jọ́ náà,
ewúrẹ́ ló sì jẹ èrè rẹ̀.