Ìwé Tí Mo Kó Lórí Àga

Ní Brampton, lálẹ́ tí yìnyín bo ojú fèrèsé,
Kokila tó ni ilé pè mí gòkè láti yàrá abẹ́ ilẹ̀:
"Wá wo fíìmù. Èdè Híńdì ni. Màá máa túmọ̀ ẹ̀ fún ọ."
Ó bu tíì tó ní ata ilẹ̀, ó gbé ẹ̀pà yíyan sílẹ̀.

Ayé àtijọ́ ni, ní Bombay,
nígbà tí ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀, tí fìtílà ń mu epo.
Akọ̀ròyìn kan wà, ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná,
tàdáwà ti pa ìka rẹ̀ dúdú dé oríkèé.
Àlùfáà kan wà, òdòdó lọ́rùn, òróró lára,
omi tó fi wẹsẹ̀ ni àwọn èèyàn ń mu.
Wọ́n ń fa ọmọbìnrin wọn lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ń dúpẹ́.

Akọ̀ròyìn kọ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ sí i.
Bàbá rẹ̀ lé e jáde nílé.
Kokila túmọ̀: "Ó ní òun ò bá Ọlọ́run jà,
oníbodè tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà Ọlọ́run lòun ń bá wí."

Ṣùgbọ́n èmi kò wo akọ̀ròyìn mọ́.
Obìnrin kan ni mo ń wò, ẹ̀yìn òpó ló wà,
tòun ti garawa àti àkísà.
Kò sọ ọ̀rọ̀ kan.
Bí wọ́n bá lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri tẹ́ńpìlì,
á rọra fi omi rẹ ẹ́, á ha á kúrò,
á padà sídìí òpó.

Mo mọ obìnrin yẹn.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ilé àwọn tó ń ta táyà,
Fẹ̀hìntọlá, ẹni tó ń tẹ ìwé ètò ìsìn,
tẹ ojú ewé méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní kó tẹ̀.
Ó kọ iye owó ilẹ̀ tí a kò rí.
Ó kọ ohun tí Olùdarí ṣe sí i ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìṣọ́ òru.
Ó kọ ọjọ́, ó kọ aago,
ó kọ àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì.
Ó fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sórí àga, igba àga ó lé mẹ́wàá, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Alàgbà kan pè mí: "Ìyá Adènà, ẹ bá wa palẹ̀ mọ́."
Mo wọ ìbọ̀wọ́ funfun mi,
mo kó wọn láti ìlà dé ìlà. N kò kà á.
Irọ́ ni. Mo ka ojú ewé kìíní,
ibi àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ni mo dúró sí,
nítorí èmi ni mo máa ń gbá a.
Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì.

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.
Wọn ò sọ pé ẹnìkan dúró lẹ́nu ọjà
tó ń dá àwọn oníbàárà padà.

Nínú fíìmù, ilé ẹjọ́ kún. Àwọn obìnrin ń dìde, wọ́n ń ṣí ìbòjú.
Kokila kò túmọ̀ mọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.
Ó ní, "Ìyá mi àgbà mu omi ẹsẹ̀ yẹn,"
ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì tó ti tutù tipẹ́.
Èmi ń wá onígarawa.
Wọn ò fi í hàn mọ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀ láago kan òru.
Ìbọ̀wọ́ funfun wà nísàlẹ̀ àpótí,
nínú ti ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀dà kan, kíká.
N kò mọ ìdí tí mo fi pa á mọ́. Bóyá ọwọ́ mi gbọ́n jù mí lọ.
Mo ka ojú ewé kejì.
Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀: Ẹni tó bá mọ nǹkan, kó pè mí.

Wọ́n ní ó ti kó lọ sí Regina, pé arúgbó ló ń tọ́jú lóru.
Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì.
Ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn lẹ́yìn ògiri.
"Ta nìyẹn?"
Mo ní, "Kápẹ́ẹ̀tì náà. Aláwọ̀ ewé ni."