Ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlá

Agolo èkùrọ́ kan, káàdì kan.
Bẹ́ẹ̀ ni Mùsé Bọnifásì wí ní kíláàsì wa ní Atakẹ́
lọ́dún tí ogun àwọn òyìnbó dé inú ìkòkò ọbẹ̀ wa,
tí iyọ̀ di ohun tí à ń kà ní hóró hóró.
Káàdì méjìlá ló pé. Ẹni tó bá kó o pé
yóò gba báàjì onírin, yóò di ọmọ Ẹgbẹ́ Akin Kékeré,
yóò dúró níwájú àsíá láàárọ̀ Mọ́ńdè,
yóò na ọwọ́ ọ̀tún sókè, yóò sì búra
fún ilẹ̀ kan tí òjò rẹ̀ ò pa á rí.

Ọkùnrin inú káàdì náà, ẹ ò rí nǹkan!
Ìbòjú dúdú, aṣọ pupa tó ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tí ìjì bá aṣọ sísá,
ó wọ pátá lé ṣòkòtò lórí
bíi wèrè tó máa ń jókòó lẹ́bàá ọjà Wàndó.
A ò rẹ́rìn-ín.
Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń gba ọta. Lójú káàdì kẹta
ó gbé ọkọ̀ ogun bí ẹni gbé ọmọ tuntun.
Orúkọ rẹ̀ kò ṣe é pè lẹ́nu wa, a sọ ọ́ ní Aláṣọ-Ẹ̀yìn.

Ìyá mi àgbà ló ń pa èkùrọ́ náà.
Lóru, òkúta lórí òkúta, kọ́, kọ́, kọ́,
àtàǹpàkò rẹ̀ wú, èékánná kan já.
Kò bi mí ní ohun tí mo fẹ́ fi káàdì ṣe.
Ó ní, "Ṣé èkùrọ́ yìí yóò dé ọ̀dọ̀ Búráímọ̀?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀.

Búráímọ̀ ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n mú un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ sí Kùtọnu,
ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́: fìlà pupa, bàtà tó tóbi jù ú lọ,
etí méjèèjì yọ síta bí etí ìkòkò,
lẹ́yìn rẹ̀, òdòdó tí wọ́n kùn sára aṣọ.
Ìyá àgbà fi í sínú Kùránì tí kò lè kà.

Káàdì mọ́kànlá wà lọ́wọ́ mi. Ẹlẹ́ẹ̀keje kò wá.
Ní gbogbo Àjàṣẹ́, láti Ọ̀gánlá títí dé etí ọ̀sà,
Dòsú Fulọ́rántì nìkan ló ní i,
ọmọ akọ̀wé aṣọ́bodè, tó ń jẹ búrẹ́dì lọ́jọ́ lásán.
Mo fi òkòtó mi lọ̀ ọ́. Ó ní rárá.
Mo fi ọ̀bẹ, mo fi ìpín ẹran iléyá mi.
Ó ní, "Mú sójà ilé yín wá."

Ẹ má bi mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.
Mo ṣe bí fọ́tò dà bíi káàdì, pé òmíràn yóò tún jáde.

Wọ́n fi báàjì há mi láyà ní Mọ́ńdè. Ó gún mi.
Ìyá àgbà tú Kùránì ní ewé-ewé,
ó gbọn ẹní, ó gbọn ìrọ̀rí, ó dá eku lẹ́bi,
ó tún jókòó ti òkúta rẹ̀. Kọ́. Kọ́.
Búráímọ̀ kò bọ̀. Ìwé ìjọba dé, kò sí àwòrán nínú rẹ̀.
Nígbà tí ìyá àgbà ń lọ, ó ní òun ò rántí mọ́
èwo nínú etí Búráímọ̀ ló tóbi ju èkejì.

Mi ò sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ-ọmọ Dòsú ní kí n wá wo ẹrù olóògbé.
Àlíbọ́ọ̀mù kan, ikán ti jẹ igun rẹ̀.
Aláṣọ-Ẹ̀yìn wà níbẹ̀, àyè keje ṣófo,
lẹ́yìn gbogbo wọn, Búráímọ̀, tòun ti etí rẹ̀.
Dòsú ti fi pẹ́ńsù pupa kọ ọ́ sábẹ́: ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlá.
Ó sì ya aṣọ fífẹ́ kan sí i lẹ́yìn.

Ọmọ náà ní kí n mú un. Mo fi èékánná dán an wò.
Ògì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ó ti bá ìwé di ọ̀kan.
Bí mo bá fà á, ojú rẹ̀ ni yóò ya.
Mo yọ káàdì keje, tí mo mú dání láti ilé bí ẹni mú gbèsè,
mo fi í sí àyè rẹ̀,
mo pa ìwé dé.

Etí òsì ni, ìyá.
Etí òsì ló tóbi jù.