Alẹ́ Tó Ṣáájú Pápá

Ẹ̀yìn bébà owó iná ni mo ya pápá náà sí,
pẹ́ńsù ọmọ-ọmọ mi, tó kù bí ọmọ ìka.
Ihò kìíní: yukalípítọ́sì lọ́tùn-ún,
yukalípítọ́sì lósì, ọ̀nà àárín wọn
tín-ín-rín bí ìlà irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.
Ọ̀pá ńlá ò ní jáde nínú àpò. Mo ti búra.
Irin karùn-ún, ìdajì agbára,
kí n yọ́ wọlé bí àlejò
tó mọ̀ pé ajá wà nílé.

Ìkejì, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ìkẹta ni kòtò tí àwọn òyìnbó wà
nígbà tí wọ́n ń wá tánńganran ní Jọs.
Omi rẹ̀ dúdú bí aró.
Bọ́ọ̀lù mi mẹ́tàdínlógún ló sùn síbẹ̀;
Chollom tó ń gbé àpò fún mi ló ń kà wọ́n,
kò jẹ́ kí n gbàgbé ẹyọ kan.
Ó ní, "Bàbá, omi ò lé ẹnikẹ́ni rí.
Igi ò rìn rí. Ẹ̀yin lẹ máa ń lọ kí wọn nílé."
Hausa ló fi sọ ọ́. Yorùbá ló fi dùn mí.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀,
kí ọyẹ́ tó jí lọ́nà Bauchi,
torí bó bá di aago mẹ́jọ,
á máa ti bọ́ọ̀lù bí ẹni ti ọmọ jáde ní yàrá.
Iyanrìn tí wọ́n fi epo pò ló yí ihò ká, kì í ṣe koríko;
Chollom á wọ́ àpò ìdọ̀họ kọjá lórí rẹ̀
títí ìtẹ̀ ẹsẹ̀ àná á fi pa rẹ́.

Ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà: sùúrù, sùúrù, irin keje.

Ìkeje.
Ọ̀nà ká bí ìgbọ̀nwọ́,
ọ̀gánwó kan dúró gbagidi níbi tó ti ká.
Ọlọ́gbọ́n á gbá a sídìí igi, á wá yà.
Láṣíndé ò yà.
Ọdún tí wọ́n dá wa dúró níléeṣẹ́ rélùwéè
ló gba orí ọ̀gánwó yẹn kọjá,
ó sì jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.
A sin ín ní Fẹ́búárì.
Ọmọ rẹ̀, Túbọ̀sún, ló ń bọ̀ láti Àbújá lọ́la.
Orí fóònù ló ti bi mí: "Ibo gan-an ni Bàbá mi gbà?"

Igi gogoro, mo ti ń wò ọ́ látòkèèrè.
Ojú tó rí ọ yìí náà
ló fẹ́ kó o gún òun.

Iná ti lọ. Mo táràrà dé ìdí àpò,
mo fọwọ́ kan orí ọ̀pá ńlá,
mo bọ́ ìbọ̀rí rẹ̀, mo tún wọ̀ ọ́ fún un.

Ó ku ihò mọ́kànlá,
bébà sì ti kún.