Irun Ìpàkọ́

Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dé, bàlúù wọn balẹ̀ sórí omi.
Wọ́n to àlùmọ́gàjí sórí tábìlì ilé ìjọ,
wọ́n gé irun ìpàkọ́ ìyá ìyá mi,
wọ́n dì í sínú àpòòwé, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára:
mẹ́tàdínlógójì.
Harriet Neeposh lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Irun lọ, kò fọhùn.
Ìgbà òtútù méjì kọjá kí lẹ́tà kan tó dé,
ìlà kan péré:
Májèlé wà nínú ẹja yín, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́.

A gbọ́ràn. Àwọ̀n gbẹ lára ògiri.
Búrẹ́dì àti ṣúgà wọlé dé,
àtọ̀gbẹ tẹ̀ lé wọn bí ajá tó mọ olówó rẹ̀.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún Silas, àbúrò ìyá mi,
ilé ìwòsàn Montreal ló kù sí.
Èyí ò sí nínú ìwé ìwádìí kankan.

Nígbà tí Dókítà Thériault dé,
ìyá ò bèèrè ìwé ẹ̀rí. Ó gbé àwo ka iwájú rẹ̀:
"Jẹ ẹja yìí ná."
Obìnrin náà wo ẹja, ó wo ojú ìyá,
ó jẹ ẹ́ ku egungun.
"Ó dáa. Èmi ni mo fẹ́ bi ọ́ léèrè wàyí:
adágún wo? Ẹja wo, báwo ló ṣe tóbi tó?
Àbí gbogbo omi ló jẹ̀bi ni?"

Ọdún mẹ́ta la fi wọn ẹja.
Èmi ni mo di òṣùwọ̀n mú, ìka mi ń kú nínú ìbọ̀wọ́.
Ìyá ń dárúkọ omi, dókítà ń yà á sórí bébà.
Wọ́n jà títí tíì fi tutù láàárín wọn,
lórí ilé ẹni tí irun wa yóò máa sùn.
Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà, ọrùn ìyá ló wà.

Ìwé jáde. Orúkọ mẹ́jọ ló wà lókè rẹ̀,
ti ìyá ni ìkẹta, kò ní nọ́ńbà.
Mo kà á fún un ní èdè Kríì, alẹ́ mẹ́ta gbáko.
Mo pe mẹ́kúrì ní fàdákà olómi;
ibi tí wọ́n kọ "àwọn olùkópa" sí, "àwa" ni mo kà.
Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní ẹja funfun kékeré kò léwu,
ó bú sẹ́rìn-ín:
"Èyí tí mo ti ń jẹ ní kọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí!"

Lálẹ́ kẹta, ó tẹ ìka mọ́ àwòrán ilẹ̀,
ó ní kí n gbé pẹ́ńsùlù pupa wá.
Wọ́n ti ṣi orúkọ adágún kan kọ.
"Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Dá a padà fún wọn."